“Èmi Ni Mi Ò Mọ̀ Ọ́n Lò”

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti màmá kan tó ń bá wa dán fọ́ọ̀mù tuntun wò lórí fóònù. Iṣẹ́ mi ni láti máa ya ojú áàpù àti ìkànnì kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó sọ wọ́n di ohun tó ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ya fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀. Màmá náà kọ orúkọ wọn, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù wọn, wọ́n fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ bọ́tìnì tí a kọ “Fi ránṣẹ́” sí lára. Kò sí ohun tó yí padà lójú fóònù. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n fi etí aṣọ nu ìka wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Má bínú, ọmọ mi, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.”

Wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Fọ́ọ̀mù náà ti lọ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì tún lọ ní ìgbà kejì àti ìgbà kẹta, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo yẹ ibi tí a ń kó wọn jọ sí wò, mẹ́ta ni mo bá: orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́tìnì tí kì í fèsì ni mo yà. Mo ya bó ṣe máa rí kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́, mo ya ojú ìwé tó máa jáde nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí, n kò sì ronú rárá nípa ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó lè wà láàárín méjèèjì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà. Inú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn ni màmá náà wà, tí wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí a dán nǹkan wò tí n kò gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbà ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀. Mo ti rí onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ tó ń bẹ̀ mí pé ojú òun ni kò ríran dáadáa tí òun kò fi rí ibi tí wọ́n ti ń pa ìró. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Àwọn tí ohun tí a yà ń dà láàmú kì í sábà kọ̀wé ẹ̀sùn sí wa. Wọ́n á gbìyànjú títí, wọ́n á gbà pé àwọn ni àwọn kò gbọ́n tó, wọ́n á sì dákẹ́ lọ. Ohun tó máa ń dé ọ́fíìsì wa ni iye: ènìyàn báyìí wọ ojú ìwé kejì, ènìyàn báyìí jáde láìparí rẹ̀. Kò sí ibi tí iye náà ti ń sọ fún wa pé ẹnì kan nínú wọn fi etí aṣọ nu ìka rẹ̀ nítorí ó rò pé ìdọ̀tí ọwọ́ òun ni kò jẹ́ kí bọ́tìnì gbọ́.

Àpẹẹrẹ tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn jù ni ti ìlẹ̀kùn, n kò sì tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ. Ìlẹ̀kùn kan wà ní ilé tí ọ́fíìsì wa wà. Irin gígùn kan wà lóòró lára rẹ̀, irú èyí tí ọwọ́ máa ń dì mú láìbéèrè. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló ń fà á, kì í sì í ṣí, nítorí títì síwájú ni wọ́n ń tì í. Ẹnì kan ti lẹ bébà tó kọ “Ẹ tì í síwájú” sí mọ́ ọn, bébà náà gbó, wọ́n lẹ òmíràn lé e lórí, síbẹ̀ èmi tí mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ṣì ń fà á nígbà tí ọkàn mi bá wà níbòmíràn. Ọwọ́ kì í dúró de ojú kó kàwé tán. Ká ní irin pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀, tí kò ní ibi tí ènìyàn lè dì mú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe ju pé kó tì í lọ, a kì bá sì nílò bébà kankan.

Donald Norman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní 1988, tó fi jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ayàwòrán fi ń pe ìlẹ̀kùn tó bá ń tan ọwọ́ jẹ títí di òní. Ní 1993 ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Apple, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ iṣẹ́ tó ní “ìrírí olùlò” (user experience) nínú, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nǹkan ti máa ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó bá ojú sọ̀rọ̀, bí ohun tó sọ fún ọwọ́ kò bá sì bá bó ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, àkọlé kò lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlẹ̀kùn ló jẹ́ kí n dẹ́kun dídá ènìyàn lẹ́bi. Ìtàn ọkọ̀ òfuurufú B-17 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Àwọn awakọ̀ tó ti fò lọ tí wọ́n ti fò bọ̀, tí wọ́n ti balẹ̀ láìséwu, ni wọ́n máa ń ṣàdédé ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ìbalẹ̀, tí ikùn ọkọ̀ á sì máa fi ilẹ̀ gbo. Àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n pè é. Alphonse Chapanis, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, tó sì ń bá àwọn ológun náà ṣiṣẹ́, lọ wo ohun tí ọwọ́ awakọ̀ ń bá pàdé. Ó rí i pé ohun tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń ká abala ìyẹ́ tí wọ́n máa ń sọ kalẹ̀ nígbà ìbalẹ̀ wà nítòsí ara wọn, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Awakọ̀ tó ti rẹ̀, tó fẹ́ ká ìyẹ́, á na ọwọ́ láìwò, á sì ká ẹsẹ̀. Àtúnṣe tí Chapanis ṣe kéré débi pé ènìyàn lè máa ṣe kàyéfì ìdí tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ó fi ohun tó rí bí táyà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, ó fi èyí tó rí bí abala ìyẹ́ sórí ti ìyẹ́, kí ọwọ́ lè dá wọn mọ̀ nínú òkùnkùn. Ní 1947, Paul Fitts àti Richard Jones kó ìtàn 460 jọ nínú irú àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní àṣìṣe awakọ̀, wọ́n sì fi hàn pé bí wọ́n ṣe to àwọn ohun èlò náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ gidi, bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò yẹ kí ènìyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan ni, kó sì máa ka ohun tí a kọ síbẹ̀ fún un?” Ìbéèrè tó dára ni, mo sì fi àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn dá a lóhùn. Wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ̀mí wọn wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ inú ọkọ̀ náà jù wọ́n lọ. Ẹ̀kọ́ kò lè mú àárẹ̀ kúrò lára, kò sì lè sọ ohun méjì tó jọra di ohun tí kò jọra mọ́. Bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣì í mú, kí ni a fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, tó fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ, tí kò sì ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti fi parí ohun tó ń ṣe?

Bọ́tìnì mi ìjọsí kò sọ nǹkan kan. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni ohun èlò tó ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1979, ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná, fáàfù kan tó yẹ kó padé kò padé, omi tó ń mú kí ẹ̀rọ tutù sì ń gba ibẹ̀ jáde. Gílóòbù kan wà lára pátákó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wò. Gílóòbù náà kú, wọ́n sì gbà pé fáàfù ti padé. Ohun tí gílóòbù náà mọ̀ kò ju pé wọ́n ti pàṣẹ fún fáàfù kó padé. Bóyá ó padé tàbí kò padé, kò mọ̀. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó rí ọ̀nà dí ibi tí omi ń gbà lọ, nígbà náà ohun tó wà ní ọkàn ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Àwọn nǹkan mìíràn bá a pé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ iye ìgbà tí èmi fúnra mi ti ya irú rẹ̀: àmì tó ń sọ pé “Ó ti lọ” nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nínú fóònù, tàbí “A ti tọ́jú rẹ̀” nígbà tí kò sí ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí irú ibi bẹ́ẹ̀, mo máa ń lọ bá àwọn tó ń kọ ètò, mo sì máa ń bi wọ́n pé, “Ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, kí ni a mọ̀ dájú?” Ohun tí a bá mọ̀ ni mo ń kọ.

Òdiwọ̀n wà fún bí ìdáhùn ṣe gbọ́dọ̀ yá tó, ó sì ti pẹ́. Robert Miller, tó ṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ti kọ̀wé lé e lórí ní 1968, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rọrùn láti lò, tún tẹnu mọ́ ọn ní 1993. Bí nǹkan bá dáhùn láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó máa ń dà bíi pé ọwọ́ ẹni ló ṣe é. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ènìyàn á mọ̀ pé òun ń dúró, ṣùgbọ́n ìrònú rẹ̀ kò ní já. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọkàn rẹ̀ á ti lọ síbòmíràn. Mo mọ gbogbo èyí lórí nígbà tí mo ń ya fọ́ọ̀mù náà. Mímọ̀ ọ́n kò dí mi lọ́wọ́ láti gbàgbé rẹ̀, nítorí orí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí mo ti ń yà á, kò sí ohun tó ń fà rí.

Irú fọ́ọ̀mù kan tún wà tó máa ń bí mi nínú, òun ni èyí tó ń bá ènìyàn jiyàn. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín kí ẹ fi àlàfo sí i láàárín, ó ní kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà lè yọ àlàfo náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà (password), ó ní ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà; ẹ fi nọ́ńbà sí i, ó ní lẹ́tà ńlá ńkọ́; ẹ fi lẹ́tà ńlá sí i, ó ní ó ti gùn jù. Gbogbo òfin wọ̀nyí ló mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń wá ẹni tí yóò nà. Láti 2017 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òdiwọ̀n, ti gba àwọn tó ń ṣe irú nǹkan báyìí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fi dandan da irú lẹ́tà báyìí pọ̀ mọ́ irú báyìí, kí wọ́n sì má ṣe máa fipá mú ènìyàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà nígbàkigbà láìnídìí. Síbẹ̀ ẹ wo àwọn fọ́ọ̀mù tó yí wa ká.

Èyí tó dùn mí jù nínú wọn ni ti orúkọ. Orúkọ tó ní àmì lórí lẹ́tà tàbí lábẹ́ rẹ̀, orúkọ tó ní àmì ìsopọ̀ láàárín, orúkọ tí kò ju lẹ́tà méjì lọ: gbogbo wọn ni mo ti rí tí fọ́ọ̀mù kọ̀, tó sì fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Orúkọ yìí kò tọ̀nà.” Ẹ rò ó wò ná. Orúkọ tí òbí sọ ọmọ, tó ti ń jẹ́ láti ìgbà tó ti dáyé, ni ẹ̀rọ kan wá ń sọ pé kò tọ̀nà. Láti 1991 ni òdiwọ̀n Unicode ti wà kí kọ̀ǹpútà lè kọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, nítorí náà kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà wo orúkọ tirẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ayé rí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Nínú iṣẹ́ tèmi, àyè orúkọ kì í yẹ orúkọ wò mọ́. Ohun tí ènìyàn bá kọ síbẹ̀ ni a ó máa pè é.

Ní ti ìbéèrè “Ṣé ó dá yín lójú?” tí à ń fi síwájú gbogbo ohun tó léwu, n kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti dáhùn “Bẹ́ẹ̀ ni” sí i ní ìgbà ogún kì í kà á ní ìgbà kọkànlélógún. Ó sàn kí nǹkan ṣeé dá padà. Jẹ́ kí ó pa á rẹ́, kí o sì fi “Dá a padà” síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2018, àwọn ará ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà gba ìkìlọ̀ lórí fóònù wọn pé mísáìlì ń bọ̀ wá bá wọn, kò sì sí mísáìlì kankan tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 38 ló kọjá kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe tó dé orí àwọn fóònù náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé wọn kò tíì múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ tí wọ́n lè fi sọ pé ìkìlọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ya ọ̀nà àlọ kò ya ọ̀nà àbọ̀.

Nípa àwọ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. WCAG, òdiwọ̀n àgbáyé fún ṣíṣe ìkànnì tí gbogbo ènìyàn á lè lò, títí kan àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, ní kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ síra ní ìwọ̀n 4.5 sí 1, ó kéré tán, fún lẹ́tà tí kò tóbi. Lẹ́tà eérú lórí funfun, tí àwa ayàwòrán fẹ́ràn nítorí pé ó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà ńlá nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, kì í sábà dé ibẹ̀, bí oòrùn bá sì ti tàn sí fóònù, kò sí ẹni tó máa rí i. Ẹ má sì fi pupa àti àwọ̀ ewé nìkan sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti Àríwá Yúróòpù wá, ó tó ẹnì kan nínú 12 tí kò lè dá àwọn àwọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ síra.

Ohun kan ṣoṣo tó ti gbà mí lọ́wọ́ irú àṣìṣe wọ̀nyí ni pé kí n jókòó ti ènìyàn, kí n sì panu mọ́. Nielsen ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ènìyàn márùn-ún tó láti fi rí ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tó wà nínú nǹkan, bí a bá máa tún un ṣe tí a ó sì tún dán an wò. Àwọn kan ń jiyàn lórí iye yẹn, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tèmi, ẹni kẹta kì í tíì dìde tí mo ti máa ń mọ ohun tí mo máa lọ tún ṣe. Ìpanumọ́ náà ló le jù. Bí ènìyàn bá ń wá bọ́tìnì tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo ara á máa yún mi láti nawọ́ sí i. N kì í ṣe é mọ́, nítorí n kò ní sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń lò ó nílé. Bó bá sì bẹ̀bẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé kó má ṣe bẹ̀ mí, pé ohun tí a yà ni à ń dán wò, a kò dán òun wò. Mo ń sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ń sọ ọ́ láàárín, wọ́n sì tún ń bẹ̀bẹ̀ náà.

Mo sọ ọ́ fún màmá náà pẹ̀lú. Mo fi fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọlé hàn wọ́n, mo ní, “Ẹ wò ó, mà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ti tó, èmi ni mi ò jẹ́ kó dá yín lóhùn.” Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn sì túká. Wọ́n ní, “Ó ti lọ ni, kò wá sọ fún mi?”

Mo padà sídìí iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní báyìí, tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì náà, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ á di “Ó ń lọ lọ́wọ́,” kò sì ní ṣeé tẹ̀ mọ́ títí ìdáhùn á fi dé. Nígbà tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa ní tòótọ́, kò ní jẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ojú ìwé á kọ ọ́ pé, “A ti rí fọ́ọ̀mù yín gbà.” Lánàá ni a tún dán an wò pẹ̀lú bàbá kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró, wọ́n ka ohun tó jáde, wọ́n sì rọra gbé fóònù sórí tábìlì. N kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n bi mí pé, “Ṣé ó ti tán nìyẹn, àbí ó tún ku nǹkan tí mo máa ṣe?” Mo kọ ìbéèrè náà sínú ìwé mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, nítorí ojú ìwé yẹn ló yẹ kó ti dá wọn lóhùn kí wọ́n tó bi mí.